Ọjọ́ Méjì Nídìí Lẹ́tà Ìdílé Adams: Láti Quincy dé Boston

Ẹni tó bá fẹ́ ka lẹ́tà John Adams, ààrẹ kejì Amẹ́ríkà, àti Abigail ìyàwó rẹ̀ lè kà wọ́n láti orí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Founders Online àti lórí ìkànnì Massachusetts Historical Society, ẹgbẹ́ ìtàn tó wà ní Boston. Lẹ́tà tí tọkọtaya náà kọ síra wọn lé ní 1,100. Ohun tí ìrìnàjò máa fi kún un ni ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ ọ́. Nítorí náà, Quincy ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó wọ yàrá ìkàwé ní Boston. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣe é lódì, wọ́n á ka ìwé tán kí wọ́n tó wá wo ilé.

Red Line ni ẹ ó wọ̀ láti àárín Boston. Ojú irin yẹn pín sí méjì lẹ́yìn ibùdó JFK/UMass. Ọ̀kan gba Ashmont lọ, èkejì gba Braintree. Ti Braintree ni tiyín. Ẹni tó bá ṣì wọ ti Ashmont, àfi kó padà sí JFK/UMass. Quincy Center ni ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń gba àlejò wà ní 1250 Hancock Street. Wọ́n máa ń ti àwọn ilé ìdílé Adams nígbà òtútù, ẹ yẹ ọjọ́ wò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ilé méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Franklin Street, àárín wọn ò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 75 lọ. Ní 1735 ni wọ́n bí John sí ọ̀kan. Ní 1767 ni wọ́n bí John Quincy ọmọ rẹ̀, tó di ààrẹ kẹfà, sí èkejì. Ilé kejì yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Níbẹ̀ ni Abigail ti ń bójú tó oko, ọmọ àti gbèsè, tí ọkọ rẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Philadelphia. Ẹ má wá orúkọ Quincy lókè àwọn lẹ́tà àtijọ́ o. Braintree ni wọ́n ń pe ibẹ̀ títí di 1792. Ẹ má sì máa wá ìfọwọ́sí “Abigail” ṣáá, “Portia” ló máa ń kọ sísàlẹ̀ nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà.

Lójú ọ̀nà Franklin Street kan náà ni Penn's Hill wà, pẹ̀lú òkìtì òkúta ìrántí lórí rẹ̀. Ní June 17, 1775, Abigail mú John Quincy, tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, gorí òkè yìí. Wọ́n ń wo èéfín ìlú Charlestown tó ń jó, wọ́n ń gbọ́ ìró ìbọn ìjà Bunker Hill. Ọjọ́ kejì ló jókòó kọ ọ́ sí ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró síbẹ̀ rí, lẹ́tà June 18 yẹn á yàtọ̀ lójú rẹ̀.

Ilé ńlá tí wọ́n kó lọ lẹ́yìn náà wà ní apá ibòmíràn ìlú, ilé ìkàwé olókùúta sì wà nínú ọgbà rẹ̀. Ní 1870 ni wọ́n kọ́ ọ, torí John Quincy ti sọ ọ́ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé ibi tí iná ò ní lè ràn ni òun fẹ́ kí wọ́n kó ìwé òun sí. Ó mọ ohun tó ń sọ. Martha Washington dáná sun lẹ́tà òun àti George, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Abigail náà ní kí John sun tòun. John fèsì pé àfi bí òun bá kọ́kọ́ gbàgbé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Green Line ló kù. Ibi tí orúkọ ti ń ṣi èèyàn lọ́nà nìyí: 1154 Boylston Street ni ilé Massachusetts Historical Society, ṣùgbọ́n ibùdó tó ń jẹ́ Boylston jìnnà sí i gan-an. Hynes Convention Center ni kí ẹ bọ́ sí. B, C àti D ló ń dúró níbẹ̀; E ti yà kúrò lẹ́yìn Copley.

1791 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ibẹ̀ ni Portal1791, ìkànnì tí wọ́n fi ń béèrè ìwé, ti rí orúkọ. Ẹ forúkọ sílẹ̀ láti ilé, ẹ béèrè ohun tí ẹ fẹ́ ṣáájú, ẹ sì mú káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò dání. Báàgì àti kóòtù máa wọ àpótí títì. Bírò ò wọlé, pẹ́ńsù nìkan ni. Ti ìdílé Adams ní pàtó, ẹ̀dà ni wọ́n sábà máa ń ní kí èèyàn lò. Wọ́n ti ya àwọn ìwé náà sórí fíìmù, róòlù 608. Kò yẹ kó dun yín. Kókó ara igi óákù àti iyọ̀ irin ni wọ́n fi ń ṣe tàdáwà ìgbà yẹn, ó lágbára, ó sì ń jẹ ìwé díẹ̀díẹ̀ títí tí ojú ọ̀rọ̀ á fi lu.

Ẹ wo bí lẹ́tà kan ṣe rí. Àpòòwé kò sí. Wọ́n á ká ìwé náà fúnra rẹ̀, wọ́n á kọ àdírẹ́sì sẹ́yìn, wọ́n á fi ìda pa á pọ̀. Bí ẹni tó gbà á bá fa ìda yẹn já, á ya ègé ìwé kan lọ, ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì á sì bá a lọ. Kí ẹ tó sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti sọnù, ẹ wo abẹ́ ìda lódì kejì. Ègé náà sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. “S” gígùn tó jọ “f” ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, pàápàá níbi tí “s” bá ti jẹ́ méjì. “Ye” náà, “the” ni ká kà á.

Ẹ má ka ẹyọ kan láìka èsì rẹ̀. Ní March 31, 1776, Abigail kọ̀wé pé kí wọ́n má gbàgbé àwọn obìnrin nínú òfin tuntun. April 14 ni èsì John, ẹ̀rín ló fi rín in. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló wà láàárín, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà mìíràn ti lè pàdé wọn lọ́nà. Ní July 3 ọdún náà, John kọ̀wé pé July 2 ni àwọn ará Amẹ́ríkà yóò máa ṣe àjọ̀dún rẹ̀. Oṣù yẹn gan-an ni Abigail kó àwọn ọmọ lọ Boston láti sín gbẹ́rẹ́ ṣọ̀pọ̀ná sí wọn lára. Ìyẹn ló gba ọkàn rẹ̀ jù nínú lẹ́tà rẹ̀, tó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

John náà ti jìyà lẹ́tà rí. Ní 1775, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Benjamin Hichborn tó gbé lẹ́tà rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ tó fi bú John Dickinson, ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin bíi tirẹ̀, jáde nínú ìwé ìròyìn. Ní June 1776 ló tó ra ìwé ńlá kan láti máa kọ ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀ sí.

Bí àkókò bá ṣẹ́ kù, ìwé ojoojúmọ́ John Quincy ni kí ẹ ṣí. Ìdì 51 ni, ojú ìwé rẹ̀ lé ní 14,000, láti 1779 tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá títí di 1848. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, yóò sú yín. Ẹ lọ sí February 24 àti March 1, 1841, ọjọ́ méjì tó fi gbẹjọ́ àwọn ọmọ Mẹ́ńdè tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n dìtẹ̀ nínú ọkọ̀ Amistad, rò nílé ẹjọ́ gíga jùlọ. Havana ní Cuba ni wọ́n ti rà wọ́n, ìlú kan náà tí wọ́n ń kó àwọn Lùkùmí wa, ìyẹn àwọn Yorùbá tó di ẹrú ní Cuba, gbà nígbà yẹn. Kí ẹ tó kà á, ẹ ka àwọn ọjọ́ tó ṣáájú.