Ẹ sọ ẹni tó máa kú fún wọn kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀

Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ mi, fíìmù òyìnbó ayé ìsinsìnyí sì ti sú wọn. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Mo ní kò burú, mo mọ èyí tí kò láriwo. Bí mo ṣe tan kọ̀ǹpútà nìyẹn, mo gbé Wings sí i, fíìmù ọdún 1927 tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar àkọ́kọ́ fún fíìmù tó dára jù lọ ní 1929. Kò sí ohùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀, orin nìkan ni, àti ìwé tó ń yọ láàárín àwòrán. Mo ní èmi á máa ka ìwé náà sí Yorùbá fún wọn.

"Kí ló dá lé?" Mo ní ìfẹ́ ni o, Màmá. Ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Jack àti David, ń fẹ́ obìnrin kan náà, wọ́n sì jọ di awakọ̀ bàálù nínú ogun àgbáyé kìíní. Mo wá fi kún un pé ogun díẹ̀ wà níbẹ̀.

Ogun díẹ̀!

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Màmá fẹ́ràn Clara Bow, ọmọ ilé kejì tí Jack kò kà sí. "Ojú ń fọ́ ọmọkùnrin yìí ni?" Lẹ́yìn náà ni òṣèré mìíràn, Gary Cooper, wọlé. Ó bá àwọn ọmọ tuntun méjèèjì sọ̀rọ̀ nínú àgọ́, ó gé ṣokoléètì jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìyókù sílẹ̀ lórí ibùsùn, ó lọ fi bàálù rẹ̀ dánra wò. Òjìji bàálù kọjá lórí ilẹ̀. Bàálù já, ó kú. Màmá ní, "Ṣé kò ní padà wá jẹ ìyókù ni?" Mo ní rárá, mà.

Ó yẹ kí n ti dá a dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kẹta tí màá wo fíìmù náà rèé, iṣẹ́ ọwọ́ wọn nìkan ni ojú mi ń rí. William Wellman tó darí rẹ̀ wa bàálù jagun fúnra rẹ̀ nínú ogun yẹn, òfurufú gan-an ni wọ́n sì gbé àwọn òṣèré lọ, pẹ̀lú kámẹ́rà tí wọ́n dè mọ́ bàálù. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ti ẹnu awakọ̀ jáde, tí kámẹ́rà dojú kọ ojú rẹ̀ gbọnrangandan, èmi ń ṣàlàyé kámẹ́rà fún Màmá.

Ohun kan ṣoṣo ni mo múra sílẹ̀ fún. Ní Paris, Jack mutí yó kẹ́ri, Clara Bow ń pààrọ̀ aṣọ nínú yàrá, ọlọ́pàá ológun méjì já wọlé, àyà rẹ̀ sì hàn fìrí. Mo yára fọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà. Màmá bú sẹ́rìn-ín: "Àbẹ̀ní, ọmú lo ń fi pamọ́ fún èmi tí mo tọ́ ọmọ mẹ́fà?"

Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ni wàhálà dé. Bàálù David já sẹ́yìn ilà àwọn ará Jámánì, Jack sì gbà pé ó ti kú. David kò kú o. Ó jí bàálù Jámánì gbé, ó ń bọ̀ nílé. Jack rí àmì ọ̀tá lára bàálù, ó gbá tẹ̀ lé e. David ń pariwo pé òun ni. Ẹnu rẹ̀ ń là, ẹ̀rọ bàálù kò jẹ́ kí Jack gbọ́, àwa náà kò sì gbọ́, torí fíìmù náà kò ní ohùn. Màmá gbá ọwọ́ mi mú.

"Ta ló ń yìnbọn fún un?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, mà."

Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ.

A mọ̀ pé àbúrò Màmá tó wà nínú iṣẹ́ ológun kò padà bọ̀ láti ogun Biafra. "Ogun ló pa á" ni wọ́n máa ń sọ fún àwa ọmọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó ń padà sí àgọ́ wọn lóru ni, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dá a mọ̀, wọ́n yìnbọn fún un.

Láti ọjọ́ náà, n kì í sọ pé "ogun wà níbẹ̀" mọ́, torí gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé nǹkan á kú nínú ogun. Màá sọ ẹni tó kú, bó ṣe kú, àti ọwọ́ ẹni tó pa á. Bí ó bá jẹ́ Wings, màá sọ pé ọ̀rẹ́ ló pa ọ̀rẹ́ láìmọ̀, ó sì kú sọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan á ní mo ti ba adùn rẹ̀ jẹ́. Kó bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ àgbà, màá kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ní ẹni tó bógun lọ. Ìbéèrè yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, n kò sì bi Màmá mi rí.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn fúnra wọn ní kí n gbé e padà, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Jack ti délé. Ó gbé ọmọlangidi béárì kékeré tí David fi ń ṣeré lọ fún àwọn òbí David. Màmá tẹjú mọ́ ìyá náà, bó ṣe le ojú, bó ṣe wá fa ọmọ tó pa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Wọ́n ní kí n dá a dúró síbẹ̀.

"Kò sí ìkankan nínú wọn tó wá bá ìyá tiwa," ni wọ́n sọ, wọ́n sì ní kí n bu omi fún àwọn.