Páálí ìwé mẹ́ta dé òkè Atakora

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ tí míṣọ́nnárì ń lọ kọ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, owó ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Kí a tó kúrò n'Íbàdàn ni mo ti sọ fún àwọn tó rán wa pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé ìwé níbẹ̀, pé Ditammari sì ni àwọn ọmọ tí à ń lọ bá ń sọ nílé. Wọ́n ní àwòrán inú ìwé yóò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Páálí ńlá mẹ́ta ni wọ́n dì lé wa lọ́wọ́.

Ní Kútọnu, ẹni tó ń di ẹrù sórí bọ́ọ̀sì gbé páálí kan wò, ó ní 4,000 sẹ́fà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó wà níwájú wa di àpò àgbàdo tó wúwo jù ú lọ, 1,000 ló san. Mo fi ìwọ̀nba Faransé tí mo gbọ́ bá a ná an títí ọ̀fun fi gbẹ mi. Ó já a sí 3,000, kò sì fún wa ní risíìtì. Nígbà tí a dé Parakou, kọ̀ndọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì kan náà ní òun kò rí owó ẹrù kankan gbà, òun kò sì ní sọ páálí kalẹ̀. A tún san. Ìwà olè ni, mi ò ní pè é lórúkọ mìíràn. Ẹ fẹnu kò lórí iye kí wọ́n tó gbé ẹrù yín gòkè, kí ẹ sì mú sẹ́fà wẹ́wẹ́ dání, torí wọn kì í rí ṣénjì fún àlejò.

Ohun kan ṣoṣo tó tù mí nínú lójú ọ̀nà ni pé táyà bẹ́ nítòsí Ṣábẹ̀ẹ́. Ìyá oníyán tó wà létí títì kí wa ní "Ẹ kú ewu o", Yorùbá tiwọn níbẹ̀, mo sì gbọ́ ọ yékéyéké. Iyán funfun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, wàrà díndín tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, 700 sẹ́fà, ó tún fi èènì sí i. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá láìjẹun ti pàdánù.

Lápá Boukoumbé ní òkè Atakora, níbi tí à ń lọ, ilé alámọ̀ alájà tí wọ́n ń pè ní tata ni àwọn Batammariba, àwọn tó ń sọ Ditammari, ń gbé. Ní 2004 ni UNESCO ka Koutammakou, ilẹ̀ wọn lápá Tógò, mọ́ ogún àgbáyé. Ní 2023 ni wọ́n fi ti Bẹ̀nẹ̀ kún un. Orí òrùlé ni àká ọkà wọn wà.

Ìtàn Jósẹ́fù ni mo sọ fún àwọn ọmọ, mo ń sọ ọ́ ní Faransé, ìyàwó pásítọ̀ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ń túmọ̀. Ọdún 7 ọ̀pọ̀, ọdún 7 ìyàn. Bí mo ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń kó ọkà pamọ́, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè òrùlé. Kí n tó mọ̀, àwọn ọmọ ti ń gun àkàbà wọn, igi kan ṣoṣo tí wọ́n gé àtẹ̀gùn sí lára, wọ́n ṣí ìdérí koríko lórí àká, ọmọ tó kéré jù ṣe bí ẹni fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wá béèrè ta ló ń wọ inú àká lọ bu ọkà fún Fáráò. Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn! Ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ti pẹ́, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

A fi ìwé hàn wọ́n. Wọ́n ṣí i, wọ́n wo Jósẹ́fù lẹ́bàá ilé òkúta, wọ́n dá a padà. Síléètì wọn ni wọ́n gbé, wọ́n sì ya àká sí i, títí ṣọ́ọ̀kì fi tán. Ṣọ́ọ̀kì! Owó tí a san lórí páálí kan ṣoṣo ìbá ra ṣọ́ọ̀kì tó pọ̀.

A ó tún lọ lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Ṣọ́ọ̀kì àti síléètì, Parakou la ó ti rà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń túmọ̀ fún wa ń fi oko rẹ̀ sílẹ̀ ní àràárọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Owó tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dá.