Ẹ Má Pè Mí Ní Dúpẹ́ Mọ́

Ọmọ ti ilé-ìwé dé ní London, ó ní kí wọ́n má pe òun ní Dúpẹ́ mọ́. Ẹ yọ àmì orí rẹ̀ kúrò, ẹ wo ohun tó kù: dupe. Ayédèrú ọjà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ọmọ tí a fi ọpẹ́ gbà, ó di báàgì Ṣáínà.

Ilé là ń wò tẹ́lẹ̀ ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹnu olùkọ́ là ń wò báyìí. Tèmi, Tóbi, Dámi, Tiwa ń yọ̀ lẹ́nu wọn. Gbénga àti Gbádébọ̀ ńkọ́? “Gb” ti ba tiwọn jẹ́. Kì í ṣòní la ti ń ṣe é: ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ Fáyẹmí di Olúyẹmí. Ṣùgbọ́n àwọn kan kọ̀ jálẹ̀. Lọ́dún 1894, David Brown Vincent, oníwàásù Baptist, bọ́ orúkọ òyìnbó sọnù l'Ékòó, ó di Mojọlá Agbébí. Àwa ò tiẹ̀ rẹ́ni tó ní ká bọ́ tiwa.

Bí wọ́n bá ṣe kọ lẹ́tà ni ìjọba ń ka orúkọ. Muhammad ló gba ipò kìíní fún ọkùnrin ní England àti Wales lọ́dún 2023, Mohammed sì wà lọ́tọ̀. Orúkọ tí àwọn tó jẹ́ ẹ lọ́dún kan ò bá pé mẹ́ta, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ jáde rárá.

Ọjọ́ 42 lẹ ní láti forúkọ ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní Scotland, 21. Ìyẹn ò le, ọjọ́ kẹjọ la ti ṣe ìkómọ. Pásípọ́ọ̀tù ló le. Lẹ́tà 30 ni àyè tó wà fún orúkọ tó ṣáájú ti ìdílé, wọ́n sì ń ka àlàfo mọ́ ọn. Oluwatimileyin, 14. Ayomide, 7. Zachary, 7. Àlàfo méjì. Ó pé 30 géérégé. Àkànní tí bàbá àgbà sọ owó sínú omi kó tó pè ńkọ́? Kò ráyè wọlé, wọn ò sì kọ ọ́ sínú ìwé ìbí pẹ̀lú. Orúkọ tí ẹ bá fún ọmọ kó tó pé oṣù 12 lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, wọ́n ṣì lè kọ ọ́ kún ìwé ìbí náà. Ta ló máa ń rántí?

Ẹni kan ṣoṣo tó ń pe oríkì yẹn, ìyá àgbà ni, lórí WhatsApp, lálẹ́ ọjọ́ Sunday, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìyá á lọ. Zoom la máa fi wo ìsìnkú. Àbúrò ìyá á fojú kan wa, á ké: “Àkànní! Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o!” Ọmọ á bojú wẹ̀yìn, á máa wá ẹni tí wọ́n ń kí.