Ẹ Má Bínú, Mi Ò Lè Ka Máàkì Ọmọ Yín fún Yín

Bàbá kan bú mi ní ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ tó kọjá, Yorùbá ló sì fi bú mi. Ká ní òyìnbó ni, ǹ bá ti gbàgbé kí n tó dénú ọkọ̀ mi, àmọ́ ẹni tó jọ àbúrò bàbá mi ló dúró síwájú tábìlì yẹn, tó ní kí n ṣí kọ̀ǹpútà kí n ka máàkì ọmọ òun sí òun létí. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, òfin ò gbà mí láyè." Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Èmi tí mò ń sanwó ẹ̀? Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ ìwọ náà nílé yín?" Ló bá kẹ̀yìn sí mi, ó lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi látìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ síbí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn ní community college kan níbí ní Houston, ilé ìwé ọlọ́dún méjì tí gbogbo wa mọ̀, tówó ẹ̀ ò wọ́n bíi ti yunifásítì. Kíláàsì wo ni kí wọ́n mú, èwo ni yunifásítì tí wọ́n ń lọ máa gbà lọ́wọ́ wọn, kí ni kí wọ́n ṣe tí nǹkan bá dojú rú, iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Ọmọ wa pọ̀ níbẹ̀ o! Ẹ kàn pariwo "Tèmi" ní kọ́rídọ̀, ẹ máa rí iye orí tó máa yí padà. Nọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lé, àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé ìyá wọn ló ń lé e.

Òfin tí mo sọ fún bàbá yẹn, FERPA ló ń jẹ́, òfin Amẹ́ríkà lórí àṣírí fáìlì akẹ́kọ̀ọ́, ó ti wà láti 1974. Tí ọmọ bá ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kódà kó jẹ́ ọmọ ọdún 16 tó ṣì wà ní high school tó kàn ń gba kíláàsì kan lọ́dọ̀ wa, òun ló ni fáìlì ẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa, ẹni yòówù kó máa sanwó. Ọmọ lè fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ká máa bá òbí òun sọ̀rọ̀. Àwọn ilé ìwé kan tún máa ń gba ìwé owó orí tó fi hàn pé ọmọ ṣì wà lábẹ́ yín, àmọ́ kò pọn dandan fún wọn.

Mo mọ ohun tó ń ṣe bàbá yẹn. Nílé, ta ló ń fi máàkì pamọ́ fún òbí? Tíṣà mi n'Íbàdàn máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Mọ́kọ́lá tó bá ń relé, á ra búrẹ́dì, á ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi tán kó tó gba ṣéńjì. Kí n tó débẹ̀, ìyá mi ti mọ̀, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn ti mọ̀, ẹni tó wá ra èlùbọ́ gan-an ti ń bá mi wí. Ó máa ń bí mi nínú nígbà yẹn. Nísìnyí tí mo bá ti ọ́fíìsì pa nírọ̀lẹ́, tí mo wakọ̀ délé láì pàdé ẹnì kan tó mọ orúkọ bàbá mi, àárò ìyọnu yẹn máa ń sọ mí.

Àmọ́ ohun tí bàbá yẹn ò mọ̀ ni ohun tí mò ń rí tí ilẹ̀kùn bá ti tì. Mi ò sọ̀rọ̀ ọmọ tiẹ̀ o, gbogbo wọn ni mò ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ yege nínú Anatomy and Physiology, apá kìíní àti ìkejì, àti Microbiology, tòun ti lábù wọn, ọmọ yìí sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní nursing home kó lè rówó epo mọ́tò. Ó fèèlì lẹ́ẹ̀kan, ó tún un mú, ó tún fèèlì. Owó Pell tí ìjọba ń fún wọn, tó lè tó $7,395 lọ́dún, ní àdéhùn tiẹ̀: ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, wọ́n fẹ́ kó o yege nínú bíi ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó o mú, kí GPA ẹ, ìyẹn ìṣirò gbogbo máàkì ẹ lápapọ̀, má sì bọ́ sísàlẹ̀ 2.0. Tó bá já, wọ́n á kìlọ̀, tó bá yá owó á dúró. Ọmọ ò sọ nílé. Láràárọ̀ á múra, á gbé báàgì, á lóun ń lọ kíláàsì, inú mọ́tò ló máa jókòó sí ní páàkì ilé ìwé títí ọ̀sán, ìyá ẹ̀ sì ń sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé nọ́ọ̀sì òun ti fẹ́ jáde.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn, kí wọ́n tó sọ ìṣòro gan-an, ni "please, are you going to tell my dad?" Ìgbà tí mo bá ní rárá, òfin ò gbà mí láyè, ìgbà yẹn lẹkún máa ń já bọ́, ìgbà yẹn la tó lè jọ wá ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀kan nínú wọn ti ń ro nǹkan tí mi ò ní kọ síbí, èmi fúnra mi ni mo dì í lọ́wọ́ mú dé ọ̀dọ̀ káńsẹ́lọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkàn. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá gbọ́ counselling, ẹ má rò pé wọ́n ń pe ọmọ yín ní wèrè.

Ta ló gba àwa náà nímọ̀ràn? Yàrá kan wà nílé ìwé wa tí wọ́n kọ Guidance and Counselling sí lẹ́nu ọ̀nà, àga tó ti kán ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Bàbá ló ń sọ ohun tá a máa kọ sí fọ́ọ̀mù JAMB, Medicine, tí ò bá bọ́ sí i, Law, ó parí. Tí JAMB bá já wa, a tún máa ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Ti ibí ò rí bẹ́ẹ̀. Ní Texas níbí, òfin kan wà láti 2007 pé ẹni tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́ ní ilé ìwé ìjọba ò gbọ́dọ̀ ju kíláàsì mẹ́fà lọ tó máa já sílẹ̀ (ìyẹn drop, kó fi kíláàsì sílẹ̀ láì parí ẹ̀) ní gbogbo ìgbà tó fi ń kàwé, àfi tí ìdí gidi bá wà bí àìsàn tàbí ikú nínú ẹbí. Èyí tó bá já sílẹ̀ kí ọjọ́ kejìlá kíláàsì tó kọjá ní sẹ̀mẹ́sítà gbọọrọ ò sí nínú òǹkà yẹn, èyí tó bá já sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, W (withdrawn) ni wọ́n máa kọ síwájú ẹ̀, ó sì ti wọ òǹkà.

Torí náà tí sẹ̀mẹ́sítà bá ti wọlé ní August, ẹ má dúró di December kẹ́ ẹ tó béèrè. Ẹ jẹ́ kó jẹun tán, kẹ́ ẹ bi í pé kíláàsì wo ló le, ṣé ó ti lọ rí adifáísọ̀ ẹ̀. Tó bá ní ọ̀kan ń dà á láàmú, ẹ má tíì pariwo, ẹ ní kó wá rí wa kí ọjọ́ kejìlá yẹn tó kọjá. Tó bá ti kọjá náà, kó ṣì máa bọ̀, tutor ọ̀fẹ́ wà, tí wọ́n bá sì ti dá owó Pell ẹ̀ dúró, ó lè kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, a máa bá a kọ ọ́.