Iṣẹ́ Títún Ilé Onílé Ṣe, Fún Ẹni Tí Àyè Rẹ̀ Kò Pọ̀

Àárín ìgbà tí àwọn ọmọ mi bá wọ ilé ìwé sí ìgbà tí wọ́n bá jáde ni mo fi ń bá àwọn èèyàn tún ilé wọn ṣe. Àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ máa ń bi mí pé irú ọṣẹ wo ni kí àwọn rà. Ọṣẹ kọ́ ló le níbẹ̀. Àkókò lẹ ń tà, ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ ní.

Wákàtí 4 tí ẹ rò pé ẹ ní kò pé 4. Ẹ yọ ìrìn láti ilé kan dé èkejì kúrò níbẹ̀, ẹ yọ ìdúró lẹ́nu ọ̀nà de ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àkísà tí ẹ máa fọ̀ lálẹ́ ńkọ́? Ìdí nìyí tí n kì í fi í gba iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn, bó ti wù kí owó rẹ̀ dùn tó. Ilé méjì tó wà ládùúgbò kan náà, tí mò ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tẹ́ mi lọ́rùn ju mẹ́ta tó fọ́n káàkiri lọ.

Ẹ má fi wákàtí díye lé iṣẹ́ yín. Bí ọwọ́ yín bá ṣe ń yá sí i, bẹ́ẹ̀ ni owó yín á máa dín kù. Iṣẹ́ tó wà nínú ilé náà ni kí ẹ díye lé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fojú ara yín rí i. Ẹni tó bá sọ lórí fóònù pé “kò dọ̀tí rárá”, ààrò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí wò. Ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń gba àkókò tó pọ̀ ju àwọn tó kù lọ dáadáa, nítorí náà ó yẹ kó ní iye tirẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe sílẹ̀, kí oníbàárà náà ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ fíríìjì yìí náà” lè jẹ odidi ìdajì wákàtí mọ́ yín lọ́wọ́.

Tí mo bá wọlé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti balùwẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń da oògùn ìfọ̀ sí, màá wá lọ gbọn eruku níbòmíràn. Kí n tó padà dé, ìdọ̀tí ti rọ̀. Oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn pàápàá nílò ìṣẹ́jú díẹ̀ lójú ibi tí a dà á sí kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ ka ara ike rẹ̀. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ ń lọ: jàǹkárìwọ̀, fáànù, orí kọ́bọ́ọ̀dù, ilẹ̀ ló kẹ́yìn. Àkísà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ tirẹ̀, kó má baà ṣèèṣì dé ilé ìdáná.

Ìkánjú kì í sì ṣe ìdí láti po kẹ́míkà pọ̀. Bílíìsì àti fínígà, tàbí bílíìsì àti oògùn ìfọ-ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì nínú, máa ń mú afẹ́fẹ́ kílórínì jáde. Tí bílíìsì bá pàdé àmóníà, kẹ́míkà tó máa ń wà nínú àwọn oògùn ìfọ-gíláàsì kan, afẹ́fẹ́ olóró mìíràn ni. Méjèèjì máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, balùwẹ̀ kékeré tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì ló sì ti burú jù. Ọ̀kan ni kí ẹ lò, kí ẹ ṣàn án nù dáadáa, kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Fínígà tún máa ń jẹ ojú òkúta mábù, ẹ̀yin sì ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ san án.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ọjọ́, kó sọ ọ́ ní ó kéré tán ọjọ́ kan ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó san ìdajì. Ẹ sọ èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ìbínú kò tíì wọ̀ ọ́. Tí àyè yín bá ti kún, tí àwọn èèyàn tuntun ṣì ń pè, ó ṣeé ṣe kí iye tí ẹ ń gbà ti kéré. Ẹni tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ iye tuntun fún. Ẹ fún àwọn ti tẹ́lẹ̀ ní oṣù kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án.