Nọ́ọ̀tì méjì tó dá wa padà lọ́nà Ìsẹ́yìn

Agogo méje àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí a kọjá Òjòó, ní Ìbàdàn. Èmi ni mo wa ọkọ̀ Toyota Hilux wa, Ṣẹ́gun àbúrò mi jókòó tì mí, páálí òwú mẹ́rìnlá sì wà lẹ́yìn. Ìsẹ́yìn là ń lọ, lọ́dọ̀ àǹtí wa tó ń hun aṣọ òkè. A fẹ́ já òwú sílẹ̀, kí a sì kó aṣọ tó ti parí wá sí ọjà Òjé. Láti Mọ́níyà gba Ìjàyè dé Ìsẹ́yìn, nǹkan bíi 65 kìlómítà ni, ọ̀nà náà sì dán láti ìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe.

A kò tíì dé Ìjàyè tí mo fi gbọ́ ọ: gbọ̀ngbọ̀n, gbọ̀ngbọ̀n, láti ẹ̀yìn lápá òsì. Mo tẹná sí i, ó yára. Mo rọra, ó falẹ̀. Ṣẹ́gun ní bóyá òkúta ló há sí táyà, kí n máa lọ. Mo páàkì. Títí di òní ni mò ń dúpẹ́ pé mo páàkì.

Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló yẹ kó wà lẹ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀kan ti já tòun ti bóòtì rẹ̀, ojú ibi tó ti kán sì ń dán gbinrin. Ìka ni mo fi yí ìkejì. Mẹ́rin tó kù ti ń dẹ̀. Àwọn méjì tó ṣe ọṣẹ́ yìí ni fọkanáísà kan bá mi fi sí i ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, nígbà tí ó lẹ táyà tán tí a kò rí nọ́ọ̀tì méjì mọ́ nínú iyanrìn. Ó tú agolo rẹ̀, ó mú méjì tó jọ ọ́, ó sì fi páìpù gígùn bọ ìdí sípánà. Mo rí i pé kò fẹ́ wọlé. Mo rí i tí ó ń fi gbogbo ara tẹ páìpù náà, n kò sì sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí.

Mo fún mẹ́rin náà le, mo yí ọkọ̀ padà, a sì rọra rìn bíi 30 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Gbogbo ìgbà tí a bá rìn díẹ̀ ni mo ń sọ̀ kalẹ̀ wò ó. Géètì la wọ́ lọ, ọjà Arárọ̀mí, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀.

Bàbá kan tó ń ta nọ́ọ̀tì àti bóòtì níbẹ̀ gbà wá. Mo ní nọ́ọ̀tì Hilux ni mo fẹ́.

“Mo gbọ́, ọmọ mi. Rímù rẹ̀ ńkọ́, onírin ni àbí alọ́ì?”

Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ní alọ́ì ni, èyí tó bá ọkọ̀ wá. Bàbá mú ọ̀kan nínú nọ́ọ̀tì àtètèkọ́ṣe mi, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí fọkanáísà fún mi. Tèmi ní wáṣà pẹlẹbẹ lára, ọrùn rẹ̀ sì wọ inú ihò rímù. Tọ̀hún ṣóńṣó bí ìdí òkòtó: ti rímù tí ihò rẹ̀ rí bí àwo oníkòtò ni, kí ṣóńṣó lè jókòó sínú kòtò. Lórí ihò pẹlẹbẹ, etí ihò nìkan ló ń kàn, tóóró bí okùn. Bí ọkọ̀ bá ti ń mì, á máa jẹ alọ́ì náà, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀.

Bàbá kò dúró níbẹ̀, torí eyín nọ́ọ̀tì náà (ìlà wẹ́wẹ́ tó yí i ká nínú) tún yàtọ̀ sí ti Hilux. Wọ́n fi eyín bóòtì Hilux kan àti bóòtì Nissan kan kan ara wọn, wọ́n gbé méjèèjì sójú oòrùn. Eyín wọn kò wọ ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín. Méjèèjì nípọn ní mílímítà 12. Ṣùgbọ́n ti Toyota, 1.5 mílímítà ló wà láàárín eyín kan sí èkejì. Ti Nissan, 1.25. Nínú gígùn mílímítà 15, ọ̀kan ní eyín mẹ́wàá, èkejì ní méjìlá. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ìka mọ̀ ọ́n: nọ́ọ̀tì tó bá tọ́ á fi ìka wọlé dé ìdí láìjà. Tó bá há lẹ́yìn ìyípo kan tàbí méjì, tí ènìyàn wá fi páìpù lé e, ṣe ló ń hú eyín bóòtì kúrò.

Nọ́ọ̀tì méjì àti bóòtì méjì la rà, torí èyí tí kò já náà ti bàjẹ́.

Mẹkáníìkì tó wà nítòsí tú táyà àti dúrọ́ọ̀mù bíréèkì, ó fi òòlù lu bóòtì àtijọ́ jáde, ó fa tuntun wọlé. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ ta ọ́ìlì sí i. Ọ̀gá gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀: ọ́ìlì á jẹ́ kí agbára kan náà na bóòtì kọjá ibi tó yẹ. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ló fi ha ìpẹtà àti ẹrẹ̀ kúrò lójú ibi tí rímù ti ń kan dúrọ́ọ̀mù. Mo ti máa ń rò pé bóòtì ló ń gbé ẹrù. Rárá o. Bóòtì ń na díẹ̀ bí rọ́bà, ó ń fa rímù mọ́ra pinpin, ìfaramọ́ra yẹn ló sì ń gbé ọkọ̀. Bó bá ti dẹ̀, bóòtì á máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí á fi kán.

Ìka ló kọ́kọ́ fi wọ gbogbo wọn. Ó mú tòkè, ó mú èyí tó dojú kọ ọ́ nísàlẹ̀, ó ń dábùú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí táyà kanlẹ̀ ló tó mú torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì, ó sì ń dún “kà!” lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún Hilux, ó lé díẹ̀ ní 100 Nm (newton-mítà, ìwọ̀n agbára ìyípo), bí ìgbà tí ènìyàn fi ìwúwo kílò 20 tẹ sípánà tó gùn ní ìdajì mítà. Fọkanáísà tó bá fi kílò 80 dúró lórí páìpù mítà kan ti lo ìlọ́po méje rẹ̀. Ford F-150 ńkọ́? Bóòtì tirẹ̀ nípọn ní mílímítà 14, ó ń fẹ́ nǹkan bíi 200 Nm. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

“Ọ̀gá, tí ẹ bá ti rìn tó 80 kìlómítà, ẹ tún un fún o. Ojú tuntun máa ń wọlé díẹ̀.”

Ní ọjọ́ kejì, a dé Ìsẹ́yìn láìgbọ́ ariwo kankan. Kí a tó já páálí kan ṣoṣo, mo ti mú sípánà. Nọ́ọ̀tì tuntun méjèèjì yí díẹ̀; mẹ́rin àtijọ́ kò mira.

Àǹtí jáde láti ìdí òfì wọn, òwú ṣì wà léjìká wọn. “Ẹ ò tíì kí èèyàn, ìdí ọkọ̀ lẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́?”

Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà, mo ní kí wọ́n má bínú, pé ó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta.