Ohun tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀ nínú ìwé Ayọ̀bámi Adébáyọ̀

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ o, nínú gbogbo àwọn tó ń kọ nọ́fẹ̀ẹ̀lì lóde òní tí mo ti kà, n ò tíì rẹ́ni tó mọ bí ìdílé Yorùbá ṣe ń fi ẹ̀rín bo nǹkan mọ́lẹ̀ tó Ayọ̀bámi Adébáyọ̀. Òyìnbó ló fi ń kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n táwọn àgbà inú ìwé ẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, Yorùbá pọ́ńbélé ni mò ń gbọ́.

Ẹ wo Stay With Me tó jáde ní 2017. Iléṣà ni, láyé ìjọba ológun. Yéjídé ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣerun, ó sì fẹ́ràn ọkọ ẹ̀, Akin, àmọ́ ọmọ ò tíì dé, ló bá di ọjọ́ kan táwọn ẹbí kóra wọn wọlé, Ìyá Martha àti Bàbá Lọlá, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ní Fúnmi tó tẹ̀ lé àwọn wá yìí, ìyàwó tuntun ni o. Yéjídé wọ kíṣìnì lọ, ó bu ẹ̀wà ọjọ́ mẹ́ta tó fẹ́ dà nù tẹ́lẹ̀, ó pò ó mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, ó gbé e síwájú wọn, wọ́n sì jẹ ẹ́! Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ̀wà yẹn ló fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Ibi tó wá gbé ewúrẹ́ funfun gun òkè lọ bá wòlíì, tó fi ọmú sí i lẹ́nu bí ọmọ tuntun, mo ní láti pa ìwé dé ná. Ojú ti rí màbo kó tó débẹ̀, ká má pè é ní wèrè. Gbogbo àsìkò yẹn, ohun kan wà tí Akin mọ̀ tí ò sọ, n ò ní tú u fẹ́ni tí ò tíì kà á, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu mọ́ títí tó fi ba ilé ẹ̀ jẹ́. Nígbà táwọn ọmọ wá dé tán, tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá wọn jà, Mọ́ọ̀mi, ìyá ọkọ, ní àbíkú ni, ẹ̀rù sì bà mí, torí mo mọ irú ilé yẹn.

A Spell of Good Things, ti 2023, tó wà lára àwọn ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ yàn fún ẹ̀bùn ìwé Booker lọ́dún yẹn, kò dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí ọ̀nà Ẹniọlá, ọmọkùnrin ilé tálákà, àti ti dókítà Wúràọlá, ọmọ olówó, tó pàdé, ọ̀rọ̀ òṣèlú inú ẹ̀ sì ń sáré jù níparí. Àmọ́ ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn! Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn tutọ́ sí Ẹniọlá lójú, ọmọ náà ní kóun kàn ṣe bíi pé omi ni. Tíṣà ìtàn ni bàbá ẹ̀ kí ìjọba tó dá wọn dúró, látìgbà náà ìbùsùn ni bàbá ń wà. Nílé Wúràọlá ẹ̀wẹ̀, Yèyé, ìyá ẹ̀, ń kó góòlù jọ, Kúnlé, àfẹ́sọ́nà ẹ̀, ń gbá a létí, ètò ìgbéyàwó ṣáà ń lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka méjèèjì, ẹ bá mi dá sí i. Mo lè jókòó gbọ́ àlàyé Akin dé ìparí, kódà mo ṣàánú ẹ̀. Ti Kúnlé, n ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá.